Mo mú ọmọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kúdẹtì. Ta gan-an ló kọ́ ọ?

Àdùkẹ́ Òkè-Àdó | Àìkú, 7:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn látàárọ̀, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn àgbà wà láàárín wa.

Lánàá, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ sí Kúdẹtì láti lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì St David. Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń wo Ilé Kòkó láàárọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n n kò fẹsẹ̀ tẹ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní ìlú tí wọ́n bí mi sí yìí rí. Ọmọ náà ló fà á. Tíṣà wọn ní kí wọ́n kọ orúkọ ilé àtijọ́ mẹ́ta ní Ìbàdàn. Ó kọ Màpó, ó kọ Ilé Kòkó, ó wá ní kí n fún òun ní ẹ̀kẹta. Mo ní Kúdẹtì. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?" N kò rí nǹkan sọ.

A wọ máíkírà dé Mọ́lété, a gba ibẹ̀ lọ. Béèyàn bá ti kúrò lójú títì ńlá, páànù tó ti dípẹtà ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú àwọn ìyá tó ń yan àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbálẹ̀ ló gbà wá. Ó ní ká máa wò ó kiri, ká ṣáà má gun nǹkan kan.

Ìgbà tí a dé ìdí ògiri àtijọ́ kan nínú ọgbà, ọmọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e. Ó ní, "Màámi, ó tutù." Ọ̀sán gangan ni o! Ara ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ń jóni lọ́wọ́, ògiri yìí sì tutù bí àmù. Èmi náà fọwọ́ kàn án. Ọmọ wá yíjú sí bàbá yẹn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ ibí yìí?"

Bàbá ní, "Àwọn àlejò ni." Ó sì ń bá ilẹ̀ tó ń gbá lọ.

Látìgbà tí a ti délé ni ọmọ yìí ò jẹ́ kí n sinmi. Àlejò wo? Níbo ni wọ́n ti wá? Kí ló dé tí àlejò fi ń kọ́lé sílùú onílùú? Ẹ bá mi dá a lóhùn, torí èyí tí mo mọ̀ kò ju pé "òyìnbó ni" lọ, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ ohun tí yóò kọ sínú ìwé rẹ̀ nìyẹn.

Mufu Ọjà'ba | Àìkú, 8:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ "àwọn àlejò ni" yẹn. Ta ló po ẹrẹ̀? Ta ló gbé e lórí? Ṣé òyìnbó méjì ló ru amọ̀ láti etí odò Kúdẹtì títí ilé fi dúró? Àwọn baba ńlá wa ló ṣe é. Mùsùlùmí ni mí, n kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ará Ìbàdàn ni mo máa ń rí tí mo bá kọjá níbẹ̀.

Tìṣà Àgbà | Àìkú, 9:22 alẹ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tó o mú ọmọ lọ. Mufu, ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a óò dé bẹ̀.

Oṣù karùn-ún ọdún 1851 ni David Hinderer kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọmọ Jámánì ni, láti ilẹ̀ Württemberg. CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbà á síṣẹ́ tí wọ́n sì rán an wá. Àlejò ni láàárín àwọn tó rán an, kó tó wá di àlejò lọ́dọ̀ wa. Ó padà lọ gbéyàwó, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Anna, àwọn méjèèjì sì wọ Ìbàdàn ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 1853. Olúgbóde ni Baálẹ̀, Ìbíkúnlé ni Balógun. Kúdẹtì ni wọ́n ti fún wọn nílẹ̀.

Àwọn méjèèjì kò dá wá o. Daniel Olúbí wà lára àwọn tó tẹ̀lé wọn láti Abẹ́òkúta. Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ẹ rántí bí Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ṣe wà sí ara wọn láyé ìgbà yẹn, kí ẹ sì wo ọmọkùnrin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìlú ọ̀tá nítorí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí àwọn Hinderer lọ pátápátá lọ́dún 1869, Olúbí ló gba ìjọ náà, ó sì bójú tó o títí ó fi darúgbó.

Èmi á wá bi ọmọ rẹ ní ìbéèrè tèmi: ta ni kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn lọ́dún 1853? Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun tẹ ibùdó sí ibí. Ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé nílé, ará Ifẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, ará Ẹ̀gbá díẹ̀, gbogbo wọn ló kó ẹrù wá. Ìlú yìí kò tí ì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà tí Hinderer dé. Ẹni tó ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún ti di onílé àgbà. Àwọn akígbe wa kò ṣàdédé máa kì í pé:

Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé,
Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì.

Àdùkẹ́ Òkè-Àdó | Àìkú, 9:40 alẹ́

Tìṣà, mo ka èyí sókè fún un. Ó ní kí n bi yín bóyá wọ́n ní ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ òun.

Ìyá Tọ́pẹ́ | Àìkú, 10:11 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n gba èyí dáhùn, Tìṣà, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ Anna Hinderer máa ń fa omi lójú mi.

Kò bímọ. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kún fọ́fọ́. "Ìyá" ni àwọn ọmọdé ń pè é, orúkọ tó sì mọ́ ọn lórí ní Ìbàdàn nìyẹn. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí láti fi ọmọ sílé ìwé nígbà náà. Ìlú jagunjagun ni, wọ́n ní ìwé yóò sọ ọmọ di ojo. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Yéjídé obìnrin àti Akínyẹlé ọkùnrin. Àdùkẹ́, sọ orúkọ méjì yẹn fún ọmọ rẹ. Ọmọ kékeré bíi tirẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ bá òyìnbó tó ní ìwé lọ́wọ́, kò sì sí ọmọ kan nínú ìlú tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí tí wọn ì bá bi léèrè pé báwo ló ṣe ń rí. Mo máa ń ronú nípa àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni.

Ogun Ìjàyè wá bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1860. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Kúrunmi, olórí Ìjàyè tí Ìbàdàn ń bá jà, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ti Ìjẹ̀bú náà dí. Owó àti ẹrù tó ń ti Èkó wá fún wọn kò lè kọjá mọ́. Obìnrin yìí kó ohun ìní rẹ̀ jáde, ó ń tà á lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ, torí àwọn ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀wà lásán ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ mìíràn. Ìjàyè fọ́ lọ́dún 1862, ọ̀nà kò sì là. Ó di ọdún 1865 kí ọ̀gágun kan tó la inú igbó wá láti Èkó wá mú un jáde. Ìlera rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ sì wá wò ó, ó tún padà wá! Ọdún 1869 ni wọ́n tó lọ tán, ọdún 1870 ló kú nílùú rẹ̀.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jiyàn lórí iṣẹ́ àwọn òyìnbó nílẹ̀ wa, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ṣe wá níbi. Obìnrin yìí jẹ ebi pẹ̀lú wa. N kò lè kó o mọ́ wọn.

Mufu Ọjà'ba | Àìkú, 10:30 alẹ́

Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ ti mú mi lọ́kàn. Ọlọ́run á dáríjì í.

Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ẹrẹ̀ mi o.

Bíríkìlà Ọ̀nà-Àrà | Ajé, 6:15 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mufu, dúró níbẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ. Bíríkìlà ni mí, ọdún kejìlélógún rèé. Kí n tó mọ búlọ́ọ̀kù, ọ̀dọ̀ bàbá mi àgbà lábúlé ni mo ti kọ́ ilé alámọ̀, mo sì fẹ́ sọ fún ọmọ yẹn ìdí tí ògiri fi tutù lọ́sàn-án gangan.

Amọ̀ pupa ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ bí iyán. Wọ́n á fi í sílẹ̀ sùn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọn ò bá tún tẹ̀ ni yóò sán. Ìgbà náà ni wọ́n á máa bù ú ní ìṣù ìṣù, ẹni tó wà nílẹ̀ á jù ú, ẹni tó wà lókè á hán an, á sì là á mọ́lẹ̀. Bó bá ga tó orúnkún, wọ́n á dáwọ́ dúró kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Ẹni tó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á wú níkùn, á wó. Torí náà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kọ́lé, ilé ńlá kan sì lè gba ẹ̀ẹ̀rùn kan tán.

Ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Oòrùn á máa lù ú níta látàárọ̀, kí ooru náà tó rìn dé inú, ilẹ̀ ti ṣú. Lóru ló máa wá tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí à ń lò báyìí kò tó ìdajì rẹ̀, inú rẹ̀ tún ṣófo, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ra fáànù.

Ọ̀tá méjì ni ògiri amọ̀ ní, omi òkè àti omi ilẹ̀. Koríko bẹẹrẹ tàbí páànù tó yọ síta dáadáa ń dá tòkè dúró. Ohun tó ń dùn mí ni ọ̀tá kẹta tí àwa fúnra wa mú wá: sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á rí ilé àtijọ́, wọ́n á ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Amọ̀ máa ń mí. Bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, ó ń gbẹ jáde lára rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í mí bíi tirẹ̀. Kò pẹ́ tí á fi sán, omi á gba ojú sísán náà wọlé, kò ní rọ́nà jáde, amọ̀ á rọ̀ nínú bí ẹ̀kọ láìjẹ́ pé ojú rí i. Lọ́jọ́ kan gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀, wọ́n á sì ní ilé ti gbó. Kò gbó o, wọ́n sé e lẹ́mìí ni. Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀, kí ẹ po ìgbẹ́ màlúù mọ́ ọn bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì máa tún un rẹ́ lọ́dọọdún.

Torí náà tí ẹ bá ní àlejò ló kọ́ ọ, ẹ fi kún un pé àṣà ìkọ́lé onílé ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé ẹrẹ̀ ni Hinderer kọ́ ní Kúdẹtì, bí ilé gbogbo ará ìlú. Kò gbé bíríkì wá láti Jámánì.

Àdùkẹ́ Òkè-Àdó | Ajé, 7:02 àárọ̀

Ọ̀gá bíríkìlà! Mo ka ibi tí ẹ ti ní ògiri ń mí fún ọmọ mi, ó lọ gbé etí lé ògiri yàrá wa.

Èrò Èkó | Ajé, 12:48 ọ̀sán

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ibí wá, torí ó bá ọ̀rọ̀ yín mu.

Ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross wà láàárín gbùngbùn Èkó níbi, báńkì àti ọjà ló yí i ká. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ti ìṣáájú. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì ni ọ̀pọ̀ wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, tí wọ́n wá wọkọ̀ padà sílé. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà níbẹ̀. Ọdún 1881 ni wọ́n parí rẹ̀. Wọ́n ti wó o, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1939, ló gba ipò rẹ̀.

Mufu, tìrẹ rèé: mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894 nítòsí ibí, ọwọ́ bíríkìlà Àgùdà ló kọ́ òun náà. João Baptista da Costa ni orúkọ rẹ̀. Alàgbà Shitta-Bey tó náwó sí i, ilẹ̀ Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n bí i sí. Àlejò kọ́ ọ, àlejò sanwó rẹ̀, ọmọ Yorùbá sì ni àwọn méjèèjì.

Mufu Ọjà'ba | Ajé, 1:10 ọ̀sán

Sùbúhánálláhì! N kò mọ èyí rí, mo sì ti kírun níbẹ̀.

Tìṣà Àgbà | Ajé, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Èrò Èkó, o gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Sàró ni mo fẹ́ kàn, torí Kúdẹtì kò lè pé láìsí wọn.

Ní ìparí ọdún 1857, Henry Johnson kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró, wọ́n ń bọ̀ ní Ìbàdàn láti wá bá Hinderer ṣiṣẹ́. Ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni ó ti wá. Wọ́n mú un lẹ́rú, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, Sàró ni wọ́n gbé e sọ̀ sí. Kí ni ká wá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Nígbà tó wọ Kúdẹtì pẹ̀lú aṣọ òyìnbó lọ́rùn, àlejò ni wọ́n rí. Ilẹ̀ baba rẹ̀ ló sì padà wá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kó wá ni Samuel, ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá. Kúdẹtì ni ọmọ yìí ti dàgbà, ó sì ṣe tíṣà ní Ìbàdàn. Ojú rẹ̀ ni ogun ṣe ṣẹlẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ tí ogun Kírìjì fi parí lọ́dún 1886. Òun náà ló jókòó, tó ń bi àwọn àgbà léèrè, tó ń kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀ láti Ọ̀yọ́ Ilé títí dé ìgbà tirẹ̀. Ìwé tó fi ọwọ́ kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú lọ́dún 1901 láìrí i. Obadiah àbúrò rẹ̀, dókítà ìṣègùn, ló ṣa àjákù tó kù sílẹ̀ tó tún un kọ, ọdún 1921 ló tó jáde. Ohun tí èmi mọ̀ nípa Aláàfin, tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún márùndínlógójì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ọwọ́ ọmọ àlejò Kúdẹtì yẹn wá.

Dékúnlé Òkè-Ìgbàlà | Ajé, 8:56 alẹ́

Mo ti ń kà yín látàná, ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n dá sí i.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún bàbá mi, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn wọ́n ní ó ti há jù. Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n gbé katapílà wá. Ìgbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òkìtì amọ̀ pupa ló wà nílẹ̀, òjò ti ń gbé e lọ sínú gọ́tà. Wọ́n kó àwọn bẹ́ǹṣì ìrókò jọ sẹ́yìn, àwọn alásè sì ń fi wọ́n dáná. Mo rí orúkọ bàbá bàbá mi tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára ọ̀kan, iná ti jẹ lẹ́tà méjì níbẹ̀. Mo fà á yọ. Ó wà ní pálọ̀ mi báyìí. Ilé tuntun náà tóbi, táìsì ń dán níbẹ̀, mo ń jọ́sìn níbẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọmọ mi bi mí bíi ti ọmọ Àdùkẹ́, n kò ní ògiri tí mo lè ní kó fọwọ́ kàn.

Ẹni tó bá wà ní ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ níbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kọ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bíríkìlà Ọ̀nà-Àrà | Ajé, 9:14 alẹ́

Dékúnlé, pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Bẹ́ǹṣì yẹn, má kun ún. Epo ni kó o máa fi pa á.

Àdùkẹ́ Òkè-Àdó | Ìṣẹ́gun, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọmọ ti kọ tirẹ̀ lọ sílé ìwé lónìí. Lábẹ́ "ta ló kọ́ ọ" ó kọ: Hinderer láti Jámánì, Ìyá Anna, Olúbí láti Ẹ̀gbá, Bàbá Johnson láti Sàró, àti àwọn ará Ìbàdàn tó tẹ ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n sọ fún Mufu pé òun kò gbàgbé. Ó tún ya Yéjídé, ó fi ìwé sí i lórí.

Ó fẹ́ padà lọ ní Sátidé yìí. Ó ní òun fẹ́ mú ìdáhùn lọ fún bàbá tó ń gbálẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá wà ní ìtòsí, aago mẹ́wàá àárọ̀ la máa débẹ̀.

Mufu Ọjà'ba | Ìṣẹ́gun, 7:03 alẹ́

Mo ń bọ̀. Màá mú ọmọ mi méjèèjì dání.

Bíríkìlà Ọ̀nà-Àrà | Ìṣẹ́gun, 7:31 alẹ́

Èmi náà. Màá bu amọ̀ díẹ̀ wá kí àwọn ọmọ tẹ̀ ẹ́, ẹ wọ aṣọ tó ti gbó fún wọn.

Tìṣà Àgbà | Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Ẹ dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn báyìí.